Ẹ̀rọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, irú èyí tí ẹni tó gbọ́ ọ kò ní mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun wá àga jókòó ná. Láptọ́ọ̀pù méjì ló ṣáájú èèyàn wọlé. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì ọmọ tuntun wé e mọ́ra. Èkejì dúdú, ó ki pọ́pọ́, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó gbé e sì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Olùpẹ̀jọ́ tẹ̀lé wọn, ó ń nu ojú. Lẹ́yìn ẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ dé, ìyá arúgbó kan tó gbé báàgì dúdú lọ́wọ́, tó ń wo gbogbo ilé bí ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n gbá a dáadáa.

Ìyá kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ọmọ-ọmọ wọn tó wọlé kẹ́yìn ló ń bẹ̀rù.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọ-ọmọ náà. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti dé ni àdúgbò kò ti pè é lórúkọ mọ́. Dókítà Ọ̀la ni wọ́n ń pè é. Lọ́túnla ni ọkọ̀ máa gbé e lọ. Lẹ́tà náà sì sọ ọ́ láìfi bò pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mú láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà kíláàsì ló máa dúró sí. Bàbá ẹ̀ tó ń wakọ̀, ìyá ẹ̀ tó ń ránṣọ, àwọn ẹ̀gbọ́n, àwọn àbúrò òbí, gbogbo wọn ló dá owó ẹ̀rọ kan ṣoṣo jọ, wọ́n sì ti san án. Kò sí èkejì. Nínú méjì tó wà lórí tábìlì Kábíyèsí yìí, ọ̀kan kò tàn, ọ̀kan wúwo bí ọlọ.

Kábíyèsí gun àga, wọ́n na ọrùn wo ohun tó wà nínú búláńkẹ́ẹ̀tì.

“Ta ló bímọ?”

“Kò sẹ́ni tó bímọ, Kábíyèsí,” olùpẹ̀jọ́ dáhùn. “Ọjà mi ni. Wọ́n ti pa á.”

Ọkùnrin yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ojúlówó ni gbogbo ìlú ń pè é, torí kò sí ohun tó tà rí tí kò fi ọ̀rọ̀ náà dì bí ẹni ń di ẹ̀bùn.

“Sọ tẹnu ẹ.”

“Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá yìí àti ọmọ-ọmọ wọn wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní ẹ káàbọ̀. Mo gbé àga fún wọn. Ọmọ náà wo ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí lára, ó ní òun lòun fẹ́. Mo ní o ṣeun ọmọ dáadáa, ojúlówó ni. Ọmọ náà bá sáré jáde lọ ya fọ́tò tí ilé-ẹ̀kọ́ ní kó mú wá. Kábíyèsí, mi ò tíì yíjú tán tí ìyá yìí fi gbé ẹ̀rọ mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì!”

“Láptọ́ọ̀pù ní ẹsẹ̀?”

“Wọ́n dì í mú ní igun, Kábíyèsí, wọ́n dorí ẹ̀ kodò, wọ́n sì gbá a nídìí!”

Ìjòyè méjì na ọrùn wo ìdí ẹ̀rọ náà.

“Ẹ̀ẹ̀melòó?” ìjòyè tíṣà ló bèèrè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọ̀rọ̀ tó bá ní iye nínú kì í kọjá níwájú ẹ̀ kó má kà á.

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Pá! Pá! Pá! Wọ́n wá gbé etí lé e, wọ́n mi orí, wọ́n ní, ‘Kò ké.’”

Dókítà Ọ̀la bo ojú. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbá a, ṣùgbọ́n ó mọ ìyá ìyá ẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀.

“Ṣé ó tán?”

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni! Wọ́n yọ òṣùwọ̀n kan nínú báàgì yẹn, èyí tó ní ìkọ́ lókè tó ní aṣọ nísàlẹ̀. Wọ́n gbé ọjà mi sínú aṣọ, wọ́n fi kọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, ‘Kílò kan àti díẹ̀! Háà! Oṣù ẹ̀ kò pé!’ Kí n tó lanu pé kí lẹ̀ ń ṣe, wọ́n ti wé e, wọ́n ti kó ìgò omi gbígbóná méjì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ti so ó mọ́ àyà, wọ́n sì pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má ṣí fèrèsé. Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi! Àtìgbà yẹn ni ẹ̀rọ ò ti tàn mọ́. Kábíyèsí, wọ́n sè é jinná!”

“Èyí tó nípọn yìí ńkọ́?”

“Ìyá ló tún wọn ìyẹn, wọ́n ní òun ló gbó, òun ni kí n fún àwọn. Mi ò fún wọn! Owó ẹ̀rọ kan ni wọ́n san. Kí wọ́n gbé èyí tí wọ́n pa lọ. Ẹni tó bá pa ẹran ló ń gbé e délé.”

Dókítà Ọ̀la rí ara ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó gbé òkú ẹ̀rọ pọ̀n, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń wọlé lọ.

“Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà,” ni Kábíyèsí wí. “Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ ti gbọ́. Ṣé òótọ́ ni?”

“Irọ́ ni.”

“Ẹ ò gbá a?”

“Mo gbá a. Irọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìdí ló ní mo gbá. Ẹ̀yìn ni. Ta ló ń gbá ọmọ tuntun nídìí? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló tíì ṣẹ ìyá ẹ̀?”

“Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni, Ìyá.”

“Kábíyèsí, ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo fi gbẹ̀bí. Ohun yòówù kó ń bọ̀ wá lo ayé lọ́wọ́ ẹni, ọ̀nà kan náà la fi ń wò ó. A ó ka ìka ẹ̀. A ó wo ojú ẹ̀. A ó wọ̀n ọ́n. Tí kò bá ké, a ó gbá a. Èyí tí mo gbé yìí, mo ka bọ́tìnnì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pé. Mo wo ojú ẹ̀, ó ṣú dẹ̀dẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù bí irin. Kílò kan àti díẹ̀! Kí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ jù mí lọ dìde, kó sọ nǹkan míì tó yẹ kí n ṣe.”

“Irin ni, Ìyá!” Ojúlówó kígbe. “Irin gan-an ni! Kí ni kò ní jẹ́ kó tutù bí irin?”

“Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ó ti ń jẹ́wọ́.”

Ìjòyè kejì, tó jẹ́ káfíńtà, ti ń fi ọwọ́ dí ẹnu. Ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá yíjú sí i.

“Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ lo kọ́kọ́ yọ wá sáyé. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo gbá ẹ kó o tó mí.”

Káfíńtà gbé ẹ̀rín mì. Tíṣà ló kù tó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ náà, kílò mẹ́rin àti ààbọ̀. Títí ìyá ẹ fi lọ, tó bá ti rí ẹ, á gbá ìbàdí mú.”

Kábíyèsí wúkọ́, wọ́n tún adé ṣe lórí.

“Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà lẹ…?”

“Kábíyèsí, mi ò ní sọ tiyín ní gbangba.”

“Ẹ ṣé.”

“Ẹjọ́ mi ti dàrú!” Ojúlówó fò sókè. “Gbogbo ìgbìmọ̀ ni wọ́n ti gbá rí! Ibo ni mo ti fẹ́ rí ìdájọ́ òdodo? Kì í ṣe ọwọ́ wọn ni wọ́n bí èmi sí ní tèmi!”

“Abájọ,” ni Ìyá wí. “Wọn ò gbá ìwọ tó.”

Kábíyèsí ní kí ẹlẹ́rìí bọ́ síwájú. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó gbé ẹ̀rọ wúwo ló kọ́kọ́ dìde. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù Ojúlówó, àgbà ọkùnrin tó ní ọmọ mẹ́rin nílé. Rùngbọ̀n ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é.

“Onírùngbọ̀n, ẹ̀ẹ̀melòó ni Ìyá gbá ẹ̀rọ?”

“Ẹ̀ẹ̀méjìlá, Kábíyèsí.”

“Ọ̀gá ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, Kábíyèsí.”

“Ìyẹn jẹ́ méjìlá lóòótọ́,” ni tíṣà wí.

“Mi ò bi ẹ́, tíṣà. Onírùngbọ̀n, kí Ìyá tó dé, ṣé ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́?”

“Ṣáká ni, Kábíyèsí! Ara ẹ̀ dá bí ara ọ̀dọ́mọkùnrin. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tàn án.”

“Kí lo fi ń ṣe?”

“Mo… mo ń dán an wò.”

“Fún ìgbà wo?”

“Ìgbà díẹ̀.”

Kábíyèsí wo rùngbọ̀n ọkùnrin yìí pẹ́. Wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí kejì wá. Aránbàtà ni, abẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà ló máa ń tẹ́ àpótí ẹ̀ sí. Ó mú bàtà ẹsẹ̀ kan dání wá, torí oníbàtà ń dúró dè é.

“Aránbàtà, ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀kan, Kábíyèsí.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré?”

“Ẹ̀ẹ̀kan ló ba ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mejì tó kù, ọwọ́ Ojúlówó ni wọ́n bà. Ó ń já a gbà nígbà yẹn.”

Ojúlówó sáré fi ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn.

“Ṣé o rí i kí ẹ̀rọ náà tàn láàárọ̀?”

“Mi ò rí i, mo gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn ló ti ń pariwo ‘Góòlù!’ lókè orí mi. Mo tiẹ̀ gún ara mi lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan.”

“Irọ́ ni!” Onírùngbọ̀n kígbe. “Rédíò ni!”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Kábíyèsí wí. “Ojúlówó, ṣájà ẹ̀rọ yìí dà?”

“Ó wà nínú páálí ẹ̀, Kábíyèsí. Ojúlówó ṣájà.”

Wọ́n ṣí páálí. Ìwé pélébé kan ló wà níbẹ̀, àti ọ̀rá. Ojúlówó gbọn páálí náà, ó tún un gbọ̀n, ó wo ìdí ẹ̀, ó wá yíjú díẹ̀díẹ̀ sí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Onírùngbọ̀n na ọwọ́ sínú àpò ṣòkòtò. Ó fà á, kò tán. Ó tún fà á, wáyà ń jáde bọ̀ bí ìfun.

“Mo ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni,” ló sọ.

Dókítà Ọ̀la kò mọ ìgbà tí òun dìde. Ó gba ṣájà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo ara ògiri yíká, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló rí, lẹ́yìn àga Kábíyèsí, fáànù wọn ló sì wà níbẹ̀.

“Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, fáànù yín…”

“Yọ ọ́. Ooru kì í pa ọba.”

Ó kúnlẹ̀, ó ki ẹnu wáyà bọ ẹ̀rọ. Bó ṣe ń tú búláńkẹ́ẹ̀tì ni Ìyá ń sọ lẹ́yìn ẹ̀ pé, “Rọra, rọra, orí ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ dì mú.” Ó tẹ bọ́tìnnì. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Ojú ẹ̀rọ ṣú dẹ̀dẹ̀, ojú ara ẹ̀ ló ń rí nínú ẹ̀, ojú ẹni tó fẹ́ sunkún.

“Mo sọ fún yín,” ni Ojúlówó wí. “Ó ti kú.”

“Dákẹ́,” ni Ìyá wí. “Ẹni tí ebi ń pa ò lè dìde kó kí ẹ. Jẹ́ kó jẹun díẹ̀.”

Gbogbo ààfin dúró de ẹ̀rọ. Aránbàtà pàápàá gbé bàtà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, iná kékeré kan ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọbìnrin náà tún bọ́tìnnì tẹ̀. Ohùn tín-ínrín kan jáde: tìn-ìn-ìn!

“Ó ké!” Ìyá fò sókè bí ọmọ ogún ọdún. “Ẹ gbọ́ ọ! Ó ké!”

Ojú ẹ̀rọ là. Pápá bọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀, koríko ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Agbábọ́ọ̀lù kan gbé ẹsẹ̀ sókè, bọ́ọ̀lù wà níwájú ẹ̀, gbogbo wọn dúró gbagidi.

Ìgbìmọ̀ dìde bí ẹnìkan.

“Penáritì nìyẹn!” káfíńtà pariwo.

“Penáritì ti bàbá ta? Wo ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà!”

“Tíṣà, o ò ríran mọ́!”

“Ẹ jókòó!” Kábíyèsí fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó tán, Kábíyèsí tẹ̀ síwájú, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. “Onírùngbọ̀n. Ṣé ó wọlé àbí kò wọlé?”

“Mi ò mọ̀, Kábíyèsí. Ibẹ̀ gan-an ni bátìrì ti kú.”

Ọ̀rọ̀ ti jáde kó tó fọwọ́ bo ẹnu.

“Ìwọ lo pa ọjà mi!” Ojúlówó gbá a mú ní kọ́là.

“Mi ò pa á, ọ̀gá! Ebi ló pa á!”

“Mo ti fa ẹjọ́ mi padà, Kábíyèsí,” Ojúlówó ké. “ Ẹ jẹ́ kí n máa lọ.”

“Ẹjọ́ kì í ṣe ṣòkòtò tí èèyàn ń fà sókè nígbà tó bá wù ú,” ni Kábíyèsí wí. “Jókòó.”

Ara Dókítà Ọ̀la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Àfi bí Ìyá ṣe tún gbé báàgì lé orókún.

“Ó ké, mo dúpẹ́. Ooru omi mi ló sì fún un lókun tó fi ké, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kílò kan àti díẹ̀ ṣì ni. Èyí tó dúdú yìí ni ọmọ mi máa gbé lọ. Kílò mẹ́ta àti ààbọ̀. Ọmọ tó gbó.”

“Ìwọ tí wọ́n ń tìtorí ẹ ṣe gbogbo èyí,” Kábíyèsí yíjú sí ọmọbìnrin náà, “o ò tíì sọ̀rọ̀. Èwo lo fẹ́?”

Ó wo ilẹ̀. Láti kékeré, kò tíì lòdì sí ọ̀rọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ níwájú ẹni méjì rí, ká má tiẹ̀ sọ níwájú ọba.

“Kábíyèsí, mo dé ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá fún ìbéèrè. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin ni wọ́n ń gùn. Kíláàsì wà nísàlẹ̀, yàrá tí wọ́n ti ń wo eegun wà lókè pátápátá, wọ́ọ̀dù wà ní òdìkejì ọgbà, ẹ̀rọ ò sì gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni mo rí ní kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ yí i ká bí òròmọdìẹ tó yí ìyá wọn ká. Èyí tó fẹ́lẹ́ yìí, tó bá yó láàárọ̀, ó máa bá mi dé ìrọ̀lẹ́. Èyí tó dúdú, kí n tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, ebi á ti máa pa òun, èjìká á ti máa ro èmi.”

“O ò sọ fún mi,” ni Ìyá wí.

“Màmá Àgbà, ẹ ti yọ òṣùwọ̀n. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mò ń kọ iṣẹ́ ọwọ́ yín.”

Ìyá ń fọwọ́ ra ìkọ́ òṣùwọ̀n náà. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti kéré.

“Kábíyèsí, èmi ò mọ̀wé. Ọwọ́ yìí ni mo fi gbà á lọ́jọ́ tó dé. Ó wá ń lọ báyìí, ó ń lọ kọ́ iṣẹ́ tó fara jọ tèmi nínú ìwé tí mi ò lè kà. Bàbá ẹ̀ mú owó wá, ìyá ẹ̀ rán aṣọ funfun fún un. Kí lèmi ní tí mo fẹ́ fi sìn ín sọ́nà? Òṣùwọ̀n yìí náà ni. Tí òṣùwọ̀n mi ò bá wúlò, ó ku kí n máa juwọ́ sí ọkọ̀.”

Dókítà Ọ̀la fi etí búláńkẹ́ẹ̀tì nu ojú.

Kábíyèsí gbé àgbọ̀n lé ọ̀pá.

“Ìyá, nínú gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ gbẹ̀bí, èwo lẹ dá padà nítorí pé kò wúwo?”

“Ọmọ kì í padà, Kábíyèsí.”

“Èyí tí oṣù ẹ̀ ò bá pé, kí lẹ máa ń sọ fún ìyá ẹ̀?”

“Mo máa ń ní kó gbé e lọ sílé, kó fọwọ́ pàtàkì mú un, kó sì máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí n máa wò ó.”

“Ẹ ti dá ẹjọ́ tán. Èmi kàn ń kéde ẹ̀ ni.” Kábíyèsí dìde. “Ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni ti Dókítà Ọ̀la, tòun ti ṣájà ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní lọ lásán. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á ṣí i, á pe Ìyá, kí Ìyá rí ojú ẹ̀, kí wọ́n sì wo bí ara ẹ̀rọ ṣe rí. Á sọ ohun tó kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá á sọ èyí tí ìwé gbàgbé. Ọjọ́ tó bá ní iṣẹ́ pọ̀ tí kò pè, kó mọ̀ pé èmi alára á wọkọ̀ wá síbẹ̀ tadétadé.”

“Mo gbọ́, Kábíyèsí.” Ẹ̀rín ti dé ẹnu ẹ̀.

“Ojúlówó. O gbé ẹ̀rọ tí ebi ń pa fún oníbàárà, o sì pe arúgbó ní apẹ̀rọ. Láti ọ̀la, kọ ìwọ̀n gbogbo ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù ẹ sára wọn, kí nọ́ńbà ẹ̀ tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, kí gbogbo ìyá àgbà tó bá wọlé rí i kà. Èyí tó dúdú yìí, ìwọ lo máa gbé e padà. Orí ni kó o fi rù ú. Má wọkọ̀.”

Ojúlówó wo ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wo gbèsè.

“Kábíyèsí,” Ìyá bèèrè, “ta ló máa bá mi tan tèmi? Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni mo ní.”

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín músẹ́. Onírùngbọ̀n rí ẹ̀rín náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

“Onírùngbọ̀n, ìwọ ni. Wàá gbé ẹ̀rọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù lọ sílé Ìyá ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin géérégé. Wàá tàn án, wàá dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ tán.”

“Kábíyèsí! Aago mẹ́rin Sátidé ni bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rẹ̀!”

“Mo mọ̀. Èmi náà ń wò ó.”

“Ọ̀sẹ̀ mélòó ni, Kábíyèsí?”

Kábíyèsí bi ọmọbìnrin náà. “Ọdún mélòó lẹ fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí?”

“Mẹ́fà, Kábíyèsí.”

Onírùngbọ̀n lọ sílẹ̀ gbalaja.

“Ọ̀ọ́dúnrún Sátidé ó lé méjìlá,” tíṣà ti ṣírò ẹ̀ tán. “Ìyẹn tí kò bá tún kíláàsì kankan ṣe.”

“Tó bá wá tún un ṣe ńkọ́?” káfíńtà bèèrè.

“Á di méje,” ni Kábíyèsí wí, wọ́n sì ní kí wọ́n ki fáànù àwọn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì padà.

Onírùngbọ̀n dìde, eruku kún rùngbọ̀n ẹ̀. Kò wo Kábíyèsí, kò wo ọ̀gá ẹ̀ tó ń gbìyànjú láti gbé ẹ̀rọ lé orí. Ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún náà ló lọ tààrà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba.

“Ẹ̀gbọ́n mi Dókítà,” ló wí, “ìdánwò wo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, kí n ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ẹ̀?”